Ẹja Àkọ́pa Ọmọ: Bí A Ó Ti Mú Àwọn Ọmọ Lọ sí Etí Omi Láìséwu

Ẹ̀yin òbí, omi kò jìnnà sí àwọn ọmọ wa ní Yábà, ní Sùúrùlérè àti ní Múṣín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹja ju èyí tí ó wà lórí àtẹ lọ. Ọmọ a máa fẹ́ mọ ibi tí ẹja ti wá. Bí a bá wí fún un pé, “Má ṣe dé etí omi,” tí a sì fi ọ̀rọ̀ mọ bẹ́ẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yọ́ lọ ní ọjọ́ tí a kò sí nílé, kì yóò sì sí àgbà lọ́dọ̀ wọn bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Ó sàn kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ti dàgbà mú un lọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ máṣe mú un lọ sí etí òkun gbangba. Ìgbì òkun Àtìláńtíkì a máa wó lu iyanrìn wa bí ògiri. Ilẹ̀ a máa jìn lójijì, omi tí ń padà a sì máa fa ẹsẹ̀ àgbàlagbà pàápàá. Òkúta ńláńlá tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ẹnu ibùdókọ̀ Èkó ní nǹkan bí 1908 ń yọ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ògbólógbòó apẹja.

Ọ̀sà ni kí á lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá lọ, omi iyọ̀ a máa gba ẹnu ibùdókọ̀ wọlé, ẹja òkun a sì máa bá a wá. Nígbà tí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a lé iyọ̀ náà padà, ewéko tí ń léfòó a sì bo etí omi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè rò pé ilẹ̀ ni. Nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní Makókó, lẹ́bàá Yábà, nítòsí afárá Third Mainland tí a parí ní 1990, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ ń pẹja láti ìran dé ìran. Kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ kí bàbá apẹja kan pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè wákàtí tí omi yóò kún, àti ibi tí omi kò jìn tí ìdọ̀tí kò sì pọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo etí ọ̀sà ni ó mọ́. Bí ọmọdé bá gé igi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí.

Ohun èlò kò pọ̀: okùn ọ̀rá tí a wé mọ́ igi, òjé kékeré, ìwọ̀ kan ṣoṣo, àti edé fún ìjẹ. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó wà lára ìwọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó lè rọrùn láti yọ, ìbáà ṣe lẹ́nu ẹja, ìbáà ṣe lára ọmọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ìka. Kí ó tó jù ú, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó kí ó tó dé etí omi rárá, kí ẹ sì dè é dáradára. Àgbà kan fún ọmọ méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà náà kò sì gbọdọ̀ mú ìwọ̀ tirẹ̀ dání, tàbí kí ó máa tẹ tẹlifóònù. Ẹ so okùn gígùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu pinpin, kí ó wà nítòsí. Bí ọmọ bá ṣubú sómi, kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ jù sí i, kí ẹ sì fà á wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bẹ́ sómi láti gba ọmọ là ni omi ti gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí okùn bá sì gbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máṣe já a gbà! Bàbá mìíràn kò lè mú ara dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fà á fúnra rẹ̀, bí ẹja náà tilẹ̀ já bọ́.

Ẹ̀yin ni kí ẹ yọ ìwọ̀. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mímú lẹ́yìn àti ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá gún ènìyàn, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ kì í bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹja tí ó bá ń fẹ́ ikùn bí bọ́ọ̀lù, ẹ dá a padà sómi láìjáfara: májèlé ni, sísè kò sì lè pa oró rẹ̀. Èyí tí kò bá ju ìka lọ, kí ọmọ fi ọwọ́ tútù gbé e padà sínú omi. Èyí tí ó bá tó jẹ, ẹ gbé e lọ sílé, kí ìyá fi iyọ̀ àti ata ra á, kí ó dín in títí yóò fi jinná dé egungun, kí ẹni tí ó pa á sì pín in fún gbogbo ilé.