ILẸ̀KÙN Ń FỌHÙN: Ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ní Kàdúná

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àlejò bá sì dé, kì í ṣe inú yàrá ni ó kọ́kọ́ ń wò, ẹnu ọ̀nà ni. Kí onílé tó lanu kí i, ilẹ̀kùn ti sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ fún un: bóyá olówó ni tàbí mẹ̀kúnnù, bóyá ó ń kírun tàbí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ó fẹ́ràn èrò tàbí ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kàdúná gidigidi. Ìlú tí ìjọba tẹ̀ dó ni Kàdúná. Ọdún 1913 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ lábẹ́ àṣẹ Lugard, nígbà tí ó sì di 1917, ó ti gba ipò Zungeru gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá. Ojú irin ni ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá débẹ̀: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò àti télọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, èrò tún pọ̀ sí i, wọ́n sì ń gba yàrá sí Kakuri, Makera àti Tudun Wada.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé irú ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gbà mọ bí ó ti rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá tò sí ọ̀tún, ó tò sí òsì, ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀dà kan náà. Bí iná bá kú lálẹ́, àlejò á máa fọwọ́ ka ilẹ̀kùn bí ẹni tí ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ tí a fi oúnjẹ rán sí ìyá arúgbó á gbé e wọ yàrá ẹlòmíràn. Nítorí èyí ni olúkúlùkù fi ń fi àmì sí tirẹ̀. Ẹni kan á ta kọ́tìnnì aláwọ̀ aró, òmíràn á lẹ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn á kọ ẹsẹ Kùránì tàbí ti Bíbélì sí i, òmíràn á sì kọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè pe èyí ní eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹni tí ó wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà sọ pé òun nìyí, ibí ni òun wà, ni.

LÓRÍ ÒKUN PẸ̀LÚ

Ayálégbé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ ojú omi kan wà tí kì í kó ẹrù rárá. Fàájì nìkan ni wọ́n wà fún. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ní yàrá 2,805, ó sì lè gba èrò bí 7,600. Ẹ fojú inú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gùn bí òpópónà, tí àìmọye ilẹ̀kùn inú rẹ̀ sì jọra bí ìbejì. Kí ni àwọn èrò ń ṣe kí wọ́n má baà ṣìnà? Irin ni a sábà fi ń ṣe àwọn ilẹ̀kùn náà nítorí iná, nítorí náà wọ́n máa ń mú àwòrán tí ó ní òòfà lẹ́yìn dání láti ilé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, á sì dúró gbọin. Ẹbí kan á kọ pé ọjọ́ ìbí ìyá àwọn nìyí. Tọkọtaya á kọ iye ọdún tí wọ́n ti jọ wà. Àwọn mìíràn á fi àsíá ìlú wọn síbẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Disney, irin kékeré kan tí ó dà bí ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn èrò ti sọ ọ́ di àṣà láti fi àpò aṣọ kọ́ ọ, kí àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí máa fi ẹ̀bùn kéékèèké sínú rẹ̀. Báyìí ni ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe ń sọ àjèjì di ọ̀rẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì fi òfin lé e: a kò gbọdọ̀ kan ìṣó, a kò gbọdọ̀ lo gọ́ọ̀mù tí yóò bó ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ kò gbà kí a gbé ohun tí iná lè tètè ràn kọ́ síbẹ̀, nítorí kò sí ohun tí atukọ̀ bẹ̀rù tó iná láàárín agbami.

Ọjọ́ méje péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí ń lò nínú ọkọ̀. Bí ẹni tí yóò lo ọjọ́ méje bá lè ronú ohun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò sọ, kí ni kí a wí nípa ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún ní Kàdúná?

ILẸ̀KÙN ÀWỌN BABA WA

Kì í ṣe àṣà tuntun fún Yorùbá pé kí ilẹ̀kùn máa fọhùn. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, Kábíyèsí jókòó tòun tadé, àwọn olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì ń bọ̀, àwọn èèyàn rù ú, àwọn aláàárù sì tò tẹ̀ lé e. Àwọn ère náà yọ síta lára igi bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e: ọba wà lórí ìtẹ́, òyìnbó ni ó rin ìrìn àjò wá bá a.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò. Ọ̀dọ̀ wọn ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938.

Ní Ọ̀sì, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, Arówóògùn náà gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ó pín sí ìlà ìlà, bí ojú ewé ìwé. Ọdẹ wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Fáda Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé ọmọ Arówóògùn wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí a bí ní 1928, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Mùsùlùmí ni Làmídì, síbẹ̀ òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó ń wá níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n rí, òun náà sì bọ̀wọ̀ fún ilé tí ó ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kú ní 2009.

ÀWỌN TÍ A BÁ NÍLẸ̀

Àwọn Haúsá tí a bá nílẹ̀ kò kẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Zaria, tí kò jìnnà sí Kàdúná, ni Babban Gwani Mikaila ti kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ńlá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ rẹ̀ sì di àwòṣe fún àwọn mọlémọlé. Ní Zaria àti Kano, ògiri tí ó yí ẹnu ọ̀nà ká ni wọ́n ń fi amọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ́ kí aráyé mọ̀. Láyé ìgbà kan, bí kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò bá dé ọwọ́ onílé, mọlémọlé á ya kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò sára ògiri. Kẹ̀kẹ́ wà lára igi ní Ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ wà lára amọ̀ ní Zaria. Èdè ni ó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ilé méjèèjì ń sọ.

ÀMÌ TÍ ẸLÒMÍRÀN KỌ

Kì í ṣe onílé nìkan ni ó ń kọ nǹkan sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn òṣìṣẹ́ kọ nọ́ńbà sára ilé. Àwọn tí ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọdé náà ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilé tí wọ́n bá ti dé, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ bóyá ọmọ kan ṣẹ́kù. Irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé lè kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ìgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n àmì mìíràn wà tí kì í ṣe ti ìwòsàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà. Ó tún rú ní oṣù Karùn-ún. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jó. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní 2002 àti ní 2011. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ kó lọ sí gúúsù rẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ohun tí a kọ sẹ́nu ọ̀nà lè di ààbò lójú ẹgbẹ́ kan, kí ó sì di ẹ̀sùn lójú ẹgbẹ́ kejì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún Yorùbá. Nínú ilé Yorùbá kan, ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ Alhaji, kí àbúrò máa jẹ́ Díákónì, kí àwọn méjèèjì sì jọ jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Irú àmì wo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò fi sẹ́nu ọ̀nà? Bí wọ́n bá fi ti ẹni kan síbẹ̀, wọ́n ti fi ẹnì kejì sílẹ̀ síta. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí nǹkan bà jẹ́ yẹn, àwọn aládùúgbò wà tí ó fi ara wọn pamọ́ láìka ẹ̀sìn sí. Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye, tí wọ́n ti bá ara wọn jà rí, ti dá ibùdó ìlàjà sílẹ̀ ní Kàdúná láti 1995. Àpẹẹrẹ wọn fi hàn pé ilẹ̀kùn kan lè gba ẹ̀sìn méjì wọlé.

KÍ NI KÍ ILẸ̀KÙN WÍ?

Lónìí, ìbẹ̀rù olè àti ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yan ilẹ̀kùn irin, yálà èyí tí wẹ́dà jó tàbí èyí tí a kó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Ààbò ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí irin ti ń wọlé ni iṣẹ́ agbẹ́gilére ń jáde. Ọmọ agbẹ́gilére tí kò rí oníbàárà yóò lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, bí baba rẹ̀ bá sì kú, ohun tí ó mọ̀ bá a lọ.

Àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ lè ṣe nǹkan sí i láìnáwó púpọ̀. Kò pọn dandan kí a gbẹ́ odindi ilẹ̀kùn. Pátákó kékeré tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí a gbẹ́ orúkọ ìdílé sí pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé àti orúkọ ìlú tí a ti wá, tó fún ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ọdún lè bẹ agbẹ́gilére kan lọ́wẹ̀ẹ̀ kí ó sì gbé e bọ̀. Níwọ̀n bí ilẹ̀kùn ti di irin, ọgbọ́n àwọn èrò ọkọ̀ òkun wúlò níhìn-ín: òòfà lẹ́yìn pátákó fífẹ́lẹ́ á mú un dúró, onílé kò sì ní bínú pé ayálégbé lu ilẹ̀kùn òun. Kí a má fi bébà àti aṣọ dí ẹnu ọ̀nà níbi tí àbẹ́là tàbí àtùpà wà, kí a má sì bo nọ́ńbà ilé mọ́lẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ó kọ, "Ẹ káàbọ̀" dára. Bí "Sannu da zuwa" bá sì wà lábẹ́ rẹ̀, aládùúgbò yóò mọ̀ pé òun náà ni a ń kí. Adúrà wa wà lọ́kàn wa, kò sí ẹni tí ó ní kí a má gbà á. Orúkọ àti ìkíni ni àjèjì ń wá lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tí ó ga jù ni ti àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí sí Kàdúná, tí Haúsá yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ orúkọ ilé, ibo ni yóò darí sí? Bí ó bá ń rí i lára ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, bí ó ti ń jáde àti bí ó ti ń wọlé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò béèrè pé, "Bàbá, ta ni ó gbẹ́ èyí, níbo sì ni ìlú yìí wà?" Kí baba tètè wá ìdáhùn sílẹ̀.