"Iná Wà Níbẹ̀": Èdè-Ìperí àti Àyẹ̀wò Pọ́ǹpù Epo Ọkọ̀

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé inú kíláàsì nìkan ni a ti nílò èdè-ìperí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àìpé ọ̀rọ̀ lè sọ owó nù ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú.

Volkswagen Golf àtijọ́ kan ni mo ń lò. Ní ọjọ́ kan, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Òṣogbo: ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kò sítáàtì. Mẹkáníìkì tí mo pè yọ wáyà kúrò ní ẹnu pọ́ǹpù epo, ó fi gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń yẹ iná wò kàn án, gílóòbù sì tàn. Ó ní, "Ọ̀gá, iná wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù ni ó ti kú." Mo ra òmíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ náà tún fi kú ní Iléṣà. Bàbá rìwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni ó bi mí léèrè níbẹ̀ pé, "Tíṣà, iná wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó tó?" Ibi tí wọ́n ti fi bóòtù de wáyà pọ́ǹpù mọ́ ara ọkọ̀ ni ó ti dógùn-ún. Mímì tí a mi wáyà náà nígbà tí a ń pààrọ̀ pọ́ǹpù ni ó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀. Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ kò ní àbùkù kankan.

Ohun tí "iná" kò sọ

Nínú Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti nínú ọkọ̀ ìjàpá, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń ti pọ́ǹpù epo ṣiṣẹ́. Nínú Golf àwọn ọdún 1990, pọ́ǹpù wà nínú táǹkì, iná mànàmáná ni ó sì ń yí i. Ẹ̀rọ yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, "iná", ni a ṣì fi ń ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí iyanrìn bá dí páìpù, omi yóò máa kán tó-tó-tó, ẹni tí ó fẹ́ fi fọ ọwọ́ yóò ní omi wà. Ẹni tí ó gbé garawa wá ni yóò mọ̀ pé kò tó. Bákan náà ni ti iná. Ká ní ibi tí ó dógùn-ún ní ìdènà óòmù 1. Gílóòbù tí ó ń gba áńpìà 0.25 yóò pàdánù fóólítì 0.25 péré, yóò sì tàn. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí ó yẹ kí ó gba áńpìà 5 láti ara bátìrì fóólítì 12 yóò pàdánù ju 3 lọ. Nǹkan bí 8.5 ni yóò kù fún un.

Àwọn ìperí tí a dábàá

(i) Ipá-iná: ohun tí ó ń ti iná lọ. Fóólítì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

(ii) Ìṣàn-iná: ìwọ̀n iná tí ó ń kọjá. Áńpìà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

(iii) Àdánù-ọ̀nà: ipá-iná tí ó ṣòfò kí iná tó dé ibi iṣẹ́, tàbí nígbà tí ó ń padà.

(iv) Alárinà: rílè. Ìṣàn kékeré ni ó ń rán an níṣẹ́ kí ó ṣí ọ̀nà fún ìṣàn ńlá. Òjé inú rílè àtijọ́ a máa sán. Ọkọ̀ yóò kú ní ọ̀sán gangan, yóò sì sítáàtì nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù.

(v) Ọ̀nà-àbọ̀: ohun tí àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì. A kò fara mọ́ "ilẹ̀", nítorí orí táyà rọ́bà ni ọkọ̀ dúró sí. Ara irin rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì.

Bí a ṣe lè lò wọ́n

Kí á kọ́kọ́ yẹ fíùsì àti alárinà wò. Kí á má yọ wáyà kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni pọ́ǹpù fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹnì kejì ti ń fi mítà wọ̀n ọ́n. Kí á wọn àdánù-ọ̀nà láti orí bátìrì dé ẹnu pọ́ǹpù, kí á sì wọn ti ọ̀nà-àbọ̀. Bí ọ̀kan bá ju fóólítì 0.5 lọ, kí á tọ wáyà náà lọ títí dé ibi àléébù. Bí méjèèjì bá kéré, tí ipá-iná sì pé lẹ́nu pọ́ǹpù, síbẹ̀ tí pọ́ǹpù kò dún, ìgbà náà ni a tó lè sọ pé ó kú. Kí á má ṣe fi wáyà kan wáyà nítòsí táǹkì, nítorí èéfín epo bẹntiróòlù a máa gbiná.

Ìkádìí

Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-iṣẹ́ rìwáyà pẹ̀lú. Ìperí tí ó dára ni èyí tí ó ń sọ fún oníṣẹ́ ohun tí yóò wọ̀n. Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó lóṣòó ti gbèsè rẹ̀ kì í gbà pé owó wà nínú ilé. Ó ń kà á pé kí ó tó dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á ṣe sí iná.