Ìgbà Wo Ni Mọ́tò Ń Di Àgbà?

Tí a bá pe mọ́tò ní tòkúnbọ̀, a ti sọ pé òkè òkun ló ti wá. Tí a bá pè é ní àlòkù, a ti sọ pé ẹlòmíràn ti lò ó rí. Orúkọ méjèèjì kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní orúkọ fún mọ́tò tó ti dàgbà, owó sì wà nínú orúkọ náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní Peugeot 504 kan tí wọ́n ṣe ní 1982, irú èyí tí bàbá wọn ń wà nígbà ayé wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, mẹkáníìkì sì ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i. Wọ́n bi mí lórí fóònù pé, "Ìwọ tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè, tí mo bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣé mọ́tò yẹn náà ló ṣì jẹ́?"

Ohun tí òfin kọ́kọ́ ń wò ni ọjọ́ orí: 40 ọdún. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, àwọn mìíràn ń wọlé. Àwọn tí wọ́n ṣe kí ọdún 1985 tó bẹ̀rẹ̀ wọlé ní 2025. Ẹni tó bá forúkọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ní san owó orí ọkọ̀ mọ́, bí kò bá fi ṣòwò. Kò sì ní san £12.50 tí Lọ́ńdọ̀nù ń gbà lójúmọ́ lórí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ ju ìlànà lọ.

Láti oṣù karùn-ún 2018, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti pé 40 ọdún kò nílò àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ti wọlé: bí a bá ti yí mọ́tò padà gan-an láàárín 30 ọdún sẹ́yìn, àǹfààní yìí bọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà fi sí irú rẹ̀ rí kò pa á lára. Ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lè pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé mọ́tò eléwu sójú títì lè san owó ìtanràn tó £2,500, bí mọ́tò náà kò tilẹ̀ nílò MOT.

Mọ́tò tí a kò mọ ọjọ́ orí tàbí orísun rẹ̀ dájú, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni wọ́n ń fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mọ́tò tí a tún kọ́ lè pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́: férémù gba 5, ẹ́ńjìnnì gba 1 péré, ó sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 8.

Nínú ìmọ̀ ìtumọ̀, a máa ń béèrè àbùdá tí nǹkan gbọ́dọ̀ ní kó tó lè jẹ́ orúkọ kan. Àwọn tó ṣe òfin yìí náà béèrè rẹ̀, ìdáhùn wọn sì ni pé egungun ló ni orúkọ ju ọkàn lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbé ẹ́ńjìnnì ńlá náà sí i. Wọ́n ń wá ojúlówó ti 504 kiri.