Ọ̀kadà wà nísàlẹ̀ Òkun Pupa o! Ṣùgbọ́n gígòkè padà lọ̀rọ̀ wà

Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé ọ̀kadà wà nísàlẹ̀ òkun, tí wọ́n tò ó bẹẹrẹ sínú ọkọ̀, pẹ̀lú lọ́rì, ìbọn àti bàtà róbà àwọn ṣọ́jà, kó má jiyàn rárá. Inú Òkun Pupa ni, nílẹ̀ Íjíbítì, lápá ibi tí ìlú Sharm el-Sheikh wà. Thistlegorm lorúkọ ọkọ̀ náà. Ẹrù ogun làwọn Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ẹ̀ tí bàálù àwọn Jámánì fi ju bọ́ǹbù lù ú lóru ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 1941. Èèyàn 9 ló bá a lọ. Látìgbà náà, ẹja ti sọ ọ́ di ilé, iyùn sì ti hù sí i lára.

Nǹkan yìí làwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń bọ́ sómi. Kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń dìde lójijì ṣe o. Ẹni tí kò lè wẹ̀ tó mítà 200 kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbà, mítà 18 péré ló mọ. Ilẹ̀ tí Thistlegorm jókòó lé tó mítà 30, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ kejì di dandan. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ yẹn. Ras Muhammad ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lọ, níbi tí ìjọba Íjíbítì ti ń dáàbò bo àwọn àpáta iyùn láti ọdún 1983. Ẹ̀dá abẹ̀mí niyùn, kì í ṣe òkúta, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ń ṣe é léṣe ni. Ti Thistlegorm tiẹ̀ burú jù: àwọn kan ti tú nǹkan lára àwọn ọ̀kadà yẹn lọ sílé wọn. Ẹ gbọ́ olè abẹ́ omi!

Ẹja yanyan lọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ gígòkè ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ téèyàn ń mí nísàlẹ̀ máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Tó bá sáré gòkè, ẹ̀jẹ̀ á máa hó bí ìgò Kóòkì tí wọ́n ṣí lójijì. Ẹni tó bá sì di èémí mú nígbà tó ń gòkè lè fa ẹ̀dọ̀fóró ara ẹ̀ ya.

Ẹ rántí Harrison Okene, kúùkù inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lójú òkun Nàìjíríà lóṣù karùn-ún, ọdún 2013. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò nínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30, bíi ti Thistlegorm gẹ́lẹ́, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ ló ń mí. Nígbà táwọn omùwẹ̀ gbé e jáde, wọn ò jẹ́ kó lọ sílé o. Yàrá irin ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ń rọra dín agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kù, ó lé lọ́jọ́ méjì kó tó jáde. Bí wọ́n bá fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kó kú.

Torí ẹ̀ ni kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù aláàárọ̀ fún ọjọ́ tó tẹ̀lé ìgbà tó jáde lómi nírọ̀lẹ́. Ó kéré tán, wákàtí 18 ni kẹ́ni tó ti ń wọ omi lójoojúmọ́ fi sinmi kó tó wọ bàálù. Ọjọ́ tó kù yẹn, kó fi ra ẹ̀bùn fáwọn ará ilé.