Augustine àti Omi Ìrìbọmi ní Erunmu

Tí wọ́n bá bímọ tuntun nínú ẹbí wa ní Erunmu, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Áńgílíkà ni àwọn àna mi; wọ́n á fẹ́ gbé ọmọ lọ ṣe ìsàmì kó tó mọ̀ ọ́n jókòó. Onítẹ̀bọmi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dàgbà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba Jésù gbọ́. Adventist lèmi, kíláàsì àwọn àgbà ni mo ń kọ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì máa ń wà. Ẹni tí a jọ ń fà á lé lórí, láìdárúkọ rẹ̀, ti kú láti ọdún 430: Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo.

Ọmọ Áfíríkà ni. Ọdún 354 ni wọ́n bí i ní Thagaste, tó ń jẹ́ Souk Ahras ní Algeria lónìí. Monica, ìyá rẹ̀, kì í fi ìgbàgbọ́ ṣeré. Patricius, bàbá rẹ̀, kò gba Kristi àfìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ sópin. Augustine ṣe olùkọ́ ní Carthage, Róòmù àti Milan. Ó bá obìnrin kan gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì bí Adeodatus. Òru ọdún Àjíǹde ní 387 ni Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, ṣe ìrìbọmi fún bàbá àtọmọ. Ẹni ọdún 32 ni Augustine nígbà náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ débi tó fi bẹ̀bẹ̀ fún ìsàmì, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ ṣe yá, wọ́n sún un síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀ ju ibi yòókù lọ.

Síbẹ̀, òun náà ló wá di alágbàwí ìsàmì ọmọdé. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó bí i ni Tertullian ará Carthage ti kọ̀wé pé kí wọ́n má kánjú gbé ọmọdé débi omi. Àlàyé ìdí rẹ̀ ni Augustine mú wá. Pelagius, tó ti Bìrìtéènì wá, ń kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù kò ran ọmọ tuntun, pé èèyàn lè fi agbára ara rẹ̀ yan ire. Augustine ní rárá: gbogbo wa la jogún ẹ̀bi Ádámù, ọmọ tí wọ́n bí lánàá pàápàá, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nìkan ló sì lè gbà wá. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage lọ́dún 418 gbè é.

Ibẹ̀ lọ̀nà ti pín. Àwọn Àgùdà ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní 28 Oṣù Kẹjọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbà nínú ìjọ. Inú ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni Martin Luther wà kó tó bá Póòpù já. Àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì ní ikú la jogún lọ́wọ́ Ádámù, kì í ṣe ẹ̀bi.

Àwa Adventist ńkọ́? Erunmu níbí ni David Babcock, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, fìdí kalẹ̀ sí lọ́dún 1914 nígbà tó mú ìjọ wa wá. Orúkọ rẹ̀ ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ń jẹ́. A gbà pẹ̀lú Augustine pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ó ní iná ọ̀run àpáàdì kò ní kú láé. Àwa ní ẹni ibi yóò jó tán pátápátá. Ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún inú ìwé Ìfihàn ni àkókò ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Àwa ní ó ṣì ń bọ̀.

Ibi tí mo ti ń kí Augustine kú iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn Donatist, àwọn Kristẹni Áfíríkà kan tó ya kúrò lára ìjọ. Nínú inúnibíni tí olú-ọba Diocletian bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 303, ẹ̀rù ba àwọn àlùfáà kan, wọ́n kó Ìwé Mímọ́ fún àwọn aláṣẹ. Àwọn Donatist ní ìsàmì tó bá tọwọ́ irú wọn wá kò jẹ́ nǹkan kan, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Augustine dáhùn pé Kristi ló ni ìrìbọmi, kì í ṣe àlùfáà. Òfin kẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú òfin ìgbàgbọ́ 39 ti Áńgílíkà gba irú ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Mo mọ obìnrin kan tó ń yan gàrí, tí ìwà wòlíì tó rì í bọmi di ìtìjú nígboro. Ó ń bi mí bóyá òun ṣì jẹ́ onígbàgbọ́. Mo bi òun náà pé: “Ìyá, lọ́jọ́ náà, wòlíì lẹ gbà gbọ́ ni àbí Jésù?”

Ṣùgbọ́n Augustine yìí kan náà, tó ti kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí wọ́n fi yí àwọn Donatist lọ́kàn padà, wá fara mọ́ òfin olú-ọba tó ń bu owó ìtanràn lé wọn, tó sì ń gba ilé ìsìn wọn. Lúùkù 14:23 ló ń tọ́ka sí, níbi tí ọ̀gá àsè ti ní kí wọ́n fi dandan mú èèyàn wọlé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn tó ń fipá múni sìn ní Yúróòpù sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ẹ̀rí. Nínú ẹbí bíi tiwa, tí Mùsùlùmí náà pọ̀ níbẹ̀, irú ẹ̀kọ́ yẹn lè tú ilé ká.

Ohun tí mo sọ fún kíláàsì mi ni pé ẹ̀kọ́ Augustine àkọ́kọ́ ló dá èkejì lẹ́bi. Bí ìrìbọmi bá jẹ́ ti Kristi débi tí ẹ̀ṣẹ̀ àlùfáà kò lè bà á jẹ́, kí wá ni ṣọ́jà olú-ọba fẹ́ fi kún un?