Ìwé Kan, Ilẹ̀ Mẹ́rin

Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road kọjá nígbà tí oṣù September bá kù sí dẹ̀dẹ̀ yóò rí àwọn òbí tí wọ́n ń ná owó ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ mẹ́rin ni ó pàdé pọ̀ nínú ìwé pẹlẹbẹ náà kí ó tó dé orí àtẹ.

Ìlú ìwé ni Ìbàdàn jẹ́. Ní 1949 ni Oxford University Press dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, èyí tí ó di University Press lẹ́yìn náà. Ní 1978 sì ni Spectrum Books bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń tẹ ìwé? Ìjọba gbìyànjú láti máa ṣe bébà nílé: ilé iṣẹ́ Jebba bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ti Oku-Iboku ní 1986. Ó ṣeni láàánú pé a kò lè gbọ́kàn lé wọn lónìí fún bébà ìwé. Nítorí náà ni atẹ̀wé fi ń ránṣẹ́ sí òkèèrè: bébà láti Indonesia, pléètì láti China, tàdáwà láti India, àti ẹ̀yà ìpààrọ̀ fún ẹ̀rọ Heidelberg láti Jámánì.

Àwọn àgbà wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Nínú òwò yìí, ààrò mẹ́rin ni. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ dànù. Mo rí i ní ilé ìtẹ̀wé kan tí mo ti ṣe akọ̀wé. Bébà kún yàrá dé àjà, tàdáwà wà ní sẹpẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ káwọ́ lẹ́rán, pléètì sì wà lórí omi. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ ti wọlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èlé ń gun orí owó tí a yá, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wa sì kó ti ọdún kejì lọ sí India.

Kí ni ọgbọ́n rẹ̀? Èkíní, kí a ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá. Bí ìwé yóò bá wà lórí àtẹ ní August, ọjà tí yóò pẹ́ jù lọ́nà ni kí a kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èyí tí ó rọ̀ wá lọ́rùn jù. Ọkọ̀ láti China lè lo oṣù kan àbọ̀ kí ó tó dé Apapa, láìka ọjọ́ tí Fọ́ọ̀mù M yóò lò ní báńkì àti èyí tí àwọn aṣọ́bodè yóò fi yẹ ẹrù wò.

Èkejì, kí a mọ ẹni méjì tí ó lè ta ohun kọ̀ọ̀kan fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lójú ewé kan: ọjọ́ tí a ránṣẹ́, iye tí a san, orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gúnlẹ̀. Níbi tí ẹni mẹ́rin bá ti ń bá ilẹ̀ mẹ́rin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ èyí tí ó ti pẹ́ títí omi yóò fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ra fún dọ́là. Ní June 2023, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí náírà 470 lọ́wọ́ ìjọba rékọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tí ó ti dá iye owó iṣẹ́ fún oníbàárà rẹ̀, tí kò sì tíì san gbogbo owó ọjà, ó di ẹni tí ń fi àpò ara rẹ̀ tẹ ìwé fún ẹlòmíràn.

Kì í ṣe èrè àwọn atẹ̀wé nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Bí pléètì bá pẹ́ lórí òkun, ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì ní Agbówó ni yóò máa yọjú wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ tètè ránṣẹ́, ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.