Ọmọ Yín Ní Òun Ni Olórin Ń Kọrin Sí? Ẹ Má Nà Án, Ẹ Má Sì Fojú Di Ọ̀rọ̀ Náà

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wọ ilé mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan ni. Ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Mushin kan ilẹ̀kùn mi gbà-gbà-gbà. Ìwé kékeré kan ló dì mọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí, ayé ti ṣe ọmọ mi o!"

Mo gba ìwé náà, mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ orin ni ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dà kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ló ti fi bíírò pupa kọ ìtumọ̀ sí. Ibi tí olórin ti dárúkọ àwọ̀ aṣọ kan, ọmọ náà kọ ọ́ pé aṣọ tí òun wọ̀ lọ́jọ́ ọdún ló ń sọ. Ibi tí olórin ti ní òun ò rí oorun sùn, ó kọ déètì alẹ́ tí òun náà ò sùn sí i. Mi ò ní dárúkọ olórin náà, nítorí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé yẹn gan-an ló lé ìyá náà jáde nílé. Owó WAEC tó fi èésú kó jọ ni. Ó ti kó o fún ọmọ náà pé kó lọ san án ní iléèwé. Ọmọ ò san án. Ẹnì kan ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òun ni olórin náà, pé òun ti rí i pé ó gbọ́ àmì tí òun ń fi sínú orin, àti pé kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun lè ṣètò bí àwọn méjèèjì yóò ṣe fojú kanra. Bí owó ṣe lọ nìyẹn.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì bú ọmọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó rí ní Stadium Hotel ti olóògbé Victor Ọláìyá ní Surulere, ṣé ẹ rántí "Baby Jowo"? Ta ni kò rò nígbà náà pé ẹnì kan pàtó wà tí bàbá yẹn ń bẹ̀? Nígbà tó sì tún orin náà kọ pẹ̀lú 2face ní 2013, ìyá àti ọmọ jọ ń jó o nínú ilé kan náà ni, kálukú pẹ̀lú ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀.

2face náà, Innocent Idibia tó ti di 2Baba báyìí, mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní 2004 ló gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Face 2 Face jáde, "African Queen" sì wà nínú rẹ̀. Ní 2005, ó gba àmì ẹ̀yẹ MTV ti ilẹ̀ Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí olórin tó dára jù ní Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè pé, "Ta ni ọbabìnrin yẹn gan-an?" Nítorí pé Annie Macaulay wà nínú fídíò orin náà, ọ̀pọ̀ ní òun ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó ní 2012, àwọn tó ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní, "Ṣé ẹ rí i? A ti sọ fún yín."

Ṣùgbọ́n Blackface, tí òun àti 2face jọ wà nínú ẹgbẹ́ Plantashun Boiz, ti sọ ní gbangba pé òun náà lọ́wọ́ nínú kíkọ orin yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló forí korí kọ ọ́, ọbabìnrin ta wá ni? Nígbà tí 2Baba sì kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé òun àti Annie ti pínyà, àwọn kan dárò bí ẹni pé orin náà ló parọ́ fún wọn. Orin ò parọ́ o. Àwa la fún un ní ìtumọ̀ tí kò bá wa dá.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba wa ńkọ́, Ayọ̀dèjì Balógun tí ẹ mọ̀ sí Wizkid? Ní 2018, ó kọ "Fever", Tiwa Savage sì bá a ṣe fídíò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun ní Surulere tí wọn ò ti pín sí méjì: àwọn kan ní ìfẹ́ wà láàárín wọn, àwọn kan ní eré lásán ni. Gbogbo ìran ojú àti ìfọwọ́kàn inú fídíò náà ni wọ́n ń túmọ̀. Eré inú fídíò la fi ń ṣẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Àkọ́kọ́, àwa Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n. Inú òwe la dàgbà sí. Láyé àtijọ́, bí ọkàn ẹnìkan bá fà sí ẹlòmíràn, ó lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i ní àrokò. Ẹ̀fà ni, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà mọ́ ọ. Bí ẹni tó gbà á bá fẹ́, yóò fi mẹ́jọ dá a lóhùn: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Nítorí náà, ọmọ tó ń wá àmì ìfẹ́ nínú orin ò ṣe ohun àjèjì. Ohun tó gbàgbé ni pé àrokò ní ẹni tó fi ránṣẹ́, ó ní ẹni tó gbé e, ó sì ní ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún. Orin tí rédíò ń kọ ní Yaba náà ló ń kọ ní Kánò àti ní Lọ́ńdọ̀nù lásìkò kan náà.

Ìkejì, bí wọ́n ṣe ń hun orin fúnra rẹ̀. Olórin mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Bísí, Bísí nìkan ni yóò gbà á sí tirẹ̀. Nítorí náà, "ìwọ" ló máa ń pọ̀ nínú orin ìfẹ́. Èdè wa tún ràn án lọ́wọ́, torí "ó" tiwa ò mọ akọ, kò mọ abo. Ó dà bí aṣọ bọ́síkọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tà ní Yaba. Kò sẹ́ni tó wọn ara rẹ kó tó rán an, ṣùgbọ́n bó bá ti bá ọ mu, wàá ní Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ tìrẹ.

Ní 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bertram Forer dán irú nǹkan yìí wò. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun dáhùn àwọn ìbéèrè kan, kí òun lè sọ ìwà kálukú wọn fún un. Lẹ́yìn náà ló fún wọn ní èsì, ó ní kí kálukú fún èsì tirẹ̀ ní máàkì, láti òdo dé 5. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n fún un, ó lé ní 4. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́ ló kọ fún gbogbo wọn, àti pé inú ìwé àwọn awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà lójú títì ló ti ṣà á jọ.

Ìkẹta ni ìdáwà. Láti 1956 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Donald Horton àti Richard Wohl, ti kọ̀wé lórí irú ọ̀rẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, níbi tí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tàbí tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ti máa ń rò pé òun àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọra. Lóde òní, ọmọ á ti ohun èlò bọ etí lóru, ohùn olórin á wá máa sọ̀rọ̀ sí i lágbárí. Bí kò bá sí ohùn mìíràn tó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nínú ilé, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

NÍGBÀ TÓ BÁ DI ÀÌSÀN

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe báyìí ò ṣàìsàn. Wọ́n ń dàgbà ni, yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó jọ ọ́, tí kò wọ́pọ̀. Ní 1921, dókítà ará Faransé kan, Gaëtan de Clérambault, kọ nípa obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó gbà pé George Karùn-ún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ òun. Ó ń ti ilẹ̀ Faransé lọ dúró níwájú ààfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kọ́tìnì fèrèsé bá mì, á ní ọba ló ń ṣẹ́wọ́ sí òun. Títí di òní ni àwọn dókítà ń fi orúkọ dókítà yẹn pe àìsàn náà.

Báwo lẹ ó ṣe mọ ìyàtọ̀? Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Bí olórin yìí bá dúró níwájú rẹ, tó ní òun ò mọ̀ ọ́ rí, kí ni wàá sọ?" Ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún, ṣùgbọ́n yóò gbà pé lóòótọ́ ni kò mọ òun. Èyí tí nǹkan fẹ́ ṣe yóò ní olórin náà ń díbọ́n ni nítorí àwọn ọ̀tá. Kò sí àlàyé tó lè yí i lọ́kàn padà.

Ẹ tún máa wo àwọn nǹkan wọ̀nyí: kì í sùn mọ́, kì í jẹun, kì í wẹ̀; ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́; ó ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ òun; ó fẹ́ jáde nílé lọ wá olórin náà; ó ń sọ pé ayé sú òun. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró di ọ̀la.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Bí ìyá tàbí bàbá àgbà tí orí rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ má kàn ní ogbó ti dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Kòkòrò inú ìtọ̀, ibà, tàbí oògùn tí wọ́n lò pọ̀ mọ́ra lè da orí àgbà rú, ó sì ṣeé tọ́jú. Àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń fi orúkọ olórin tan ọmọdé ń tan opó àti àgbà tó dá wà náà, tí wọ́n á pe ara wọn ní olórin ẹ̀mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ "Yaba Left" dí yín lọ́wọ́. Láti 1907 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ènìyàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yaba. Òpópónà Harvey ló wà, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé sì wà ní Òṣòdì. LUTH ní Ìdí-Àràbà náà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ẹ lè gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ọmọ mọ́lẹ̀ tàbí kó nà án nítorí pé wọ́n fẹ́ lé ẹ̀mí èṣù jáde.

KÍ NI KÍ ÒBÍ ṢE?

Ẹ má na ọmọ, ẹ má sì ya ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá ya á, á kọ òmíràn síbi tí ẹ ò ti ní rí i. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ gbọ́ orin náà. Ẹ ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin náà ẹ sọ orin tí ẹ rò pé ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ fún nígbà tí ẹ wà lọ́mọge.

Ẹ gba fóònù lálẹ́, kí gbogbo ilé jọ kó fóònù síbì kan, títí kan ti bàbá. Ọmọ tó ń dàgbà nílò oorun wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán.

Owó iléèwé, ẹ máa fúnra yín san án. Kí ẹ sì sọ fún wọn léraléra pé olórin tó ń kún pápá ìṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù ò ní tọrọ káàdì ìpè lọ́wọ́ ọmọ iléèwé ní Mushin. Bí owó bá ti lọ, ẹ tètè fi tó báńkì àti ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́.

Ní ti ọmọ àdúgbò mi, mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀." Ìyá rẹ̀ ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń tọjà dé. Bàbá ti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi gan-an tí mo pe ara mi ní nọ́ọ̀sì, mo ti ń rí i pé ọmọ náà ń rù, ìkíni lásán ni mo sì ń dáhùn.

A ò rí owó náà gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó jókòó ṣe WAEC, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ ṣíwájú. Ìyá rẹ̀ ń pa ọjà dé ní aago méje báyìí ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, owó tó ń wọlé sì dín kù. Ó sọ fún mi pé ó ń dun òun, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ náà jọ ń jẹun alẹ́. Ọmọ náà ṣì ń gbọ́ orin ọ̀gbẹ́ni yẹn. Kò dá mi lára. Orin tó dára ni.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé orin wo ló ń gbọ́, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ó dìgbà kan ná. Ara yín á le o.